Lẹ́tà g ti ilẹ̀ Mòǹgólíà: kí ló dé tí kọ̀ǹpútà ò mọ èyí tí yóò kọ?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin àgbà ibí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ṣe ojú-ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ìkọ̀wé àbáláyé ilẹ̀ Mòǹgólíà kọ, èyí tó ń ti òkè bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Gbogbo lẹ́tà yòókù ló gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ọ̀kan ṣoṣo ló ya aláìgbọràn: g, ìyẹn ᠭ, tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode, àtòkọ tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ń jẹ́ U+182D. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ nínú ọ̀rọ̀ kan, dọ́ọ̀tì méjì á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ nínú òmíràn, dọ́ọ̀tì ò sí. Tó bá wá bọ́ síparí ọ̀rọ̀, ìrù oríṣi méjì ló ní. Mo pààrọ̀ fọ́ǹtì, gbogbo rẹ̀ tún dà rú. Ẹnì kan sọ fún mi pé àwọn Unicode ló ba nǹkan jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ńṣe ló yẹ kí ìrísí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ni kí n ṣe sí i?

* * *

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó o kà sílẹ̀ yẹn kì í ṣe àṣìṣe rárá, àbúrò. Bí lẹ́tà náà ṣe rí lórí ìwé gan-an nìyẹn, kí kọ̀ǹpútà tó dé. Àṣìṣe wà níbẹ̀ o, àmọ́ ibòmíràn ló wà.

Wo orúkọ ìkọ̀wé náà fúnra rẹ̀: ᠮᠣᠩᠭᠣᠯ ᠪᠢᠴᠢᠭ, mongol bichig. Lẹ́tà tó ń dà ọ́ láàmú wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Nínú mongol, àárín ló wà, o ló sì tẹ̀ lé e. Eyín méjì ló yọ sí apá òsì eegun ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, dọ́ọ̀tì méjì sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. (Bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́hùn-ún nìyẹn: lẹ́tà ní eyín, ó ní ikùn, ó ní eegun ẹ̀yìn, ó ní ìrù, ó tún ní adé lórí. Orúkọ ẹ̀yà ara ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ.) Nínú bichig, òun ló kádìí ọ̀rọ̀. Kò sí dọ́ọ̀tì, ìrù ló kù. Ẹni tí kò kọ́ ọ rí kò ní gbà pé lẹ́tà kan náà ni. Síbẹ̀ bọ́tìnnì kan náà lo tẹ̀, U+182D kan náà ló wọ inú fáìlì.

Bó ṣe ń yí padà rèé. Tí a, o tàbí u bá tẹ̀ lé e, dọ́ọ̀tì méjì ni, bíi ti ᠭᠠᠷ, gar, ìyẹn ọwọ́. Tí kọ́ńsónáǹtì bá tẹ̀ lé e, dọ́ọ̀tì á kúrò: wo ᠪᠠᠭᠰᠢ, bagshi, olùkọ́. Tó bá jẹ́ e, i, tàbí àwọn ö àti ü wọn ló tẹ̀ lé e, lẹ́tà náà á pa ara dà pátápátá, yóò di roboto bí ọrun ọdẹ, kò ní sí ìyàtọ̀ kankan láàárín òun àti k mọ́. ᠭᠡᠷ, ger, ilé wọn yẹn, àti ᠬᠡᠯᠡ, kele, èdè: ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ni ojú rí, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní. U+182D ni ti àkọ́kọ́, U+182C ni ti èkejì.

Níparí ọ̀rọ̀ ló wá le jù.

* * *

Ẹnì kan ti bi mí pé ṣebí Lárúbáwá náà ń yí lẹ́tà padà níbẹ̀rẹ̀, láàárín àti níparí, kí ló dé tí fóònù gbogbo fi ń kọ ọ́ láìsí ìṣòro. Ìbéèrè gidi ni.

Ti Lárúbáwá, ibi tí lẹ́tà wà ló ń sọ bí yóò ṣe rí. Ẹ̀rọ tó ń to lẹ́tà kàn ní láti wo ẹni tó wà lápá ọ̀tún àti ẹni tó wà lápá òsì ni. HarfBuzz, tó ń ṣiṣẹ́ yìí nínú Chrome, Firefox àti Android, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe é, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ti Mòǹgólíà, ipò nìkan kò tó. Ó ní láti mọ̀ bóyá akọ ni ọ̀rọ̀ náà àbí abo. Akọ àti abo yìí kì í ṣe àfiwé tèmi, bẹ́ẹ̀ làwọn fúnra wọn ṣe pín fáwẹ́lì: a, o, u jẹ́ akọ, e, ö, ü jẹ́ abo, i ń bá ẹgbẹ́ méjèèjì rìn. Ohun tí a mọ̀ sí àǹkóò fáwẹ́lì nílé ẹ̀kọ́ ni. Akọ kì í sábà bá abo gbé nínú ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ méjì wá síbí, ká wò wọ́n dáadáa: ᠪᠢᠴᠢᠭ, bichig, ìkọ̀wé, àti ᠵᠠᠷᠯᠢᠭ, jarlig, àṣẹ ọba. Àwọn méjèèjì parí sí -ig. Lẹ́tà tó ṣáájú g kan náà ni, ipò g kan náà ni, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ nínú èyíkéyìí. Ẹ̀rọ tó bá ń wo aládùúgbò nìkan yóò ya ìrù kan náà fún méjèèjì, yóò sì ti ṣi ọ̀kan kọ. Ìrù abo ni ti bichig. Ìrù akọ ni ti jarlig, nítorí pé a kan wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́yìn j. Fọ́ǹtì ní láti fo i kọjá, ó fo l kọjá, ó fo r kọjá, títí yóò fi bá a tó ń ṣe olórí ọ̀rọ̀, kó tó mọ irú ìrù tí yóò yà.

Ta ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn? Unicode kò ṣe é. HarfBuzz kò ṣe é. Orí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ni wọ́n di gbogbo rẹ̀ lé. Òun ni yóò kọ òfin náà ní oríṣiríṣi sínú fọ́ǹtì, ó sì pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó kọ òfin náà sílẹ̀ ní kíkún síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ẹnì kan lo ohun tó kọ́ nílé ìwé, ẹlòmíràn lo ìwé atúmọ̀ tó ní, ẹnì kẹta wo fọ́ǹtì ẹni àkọ́kọ́ ó sì fi kún un. Ìdí nìyẹn tí ojú-ìwé rẹ fi dà rú nígbà tó o pààrọ̀ fọ́ǹtì. Kóòdù rẹ kò yí padà, òfin tó ń kà á ló yí padà.

* * *

"Ó dáa, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fún ìrísí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí gbogbo wa sinmi."

Mo ti ń retí ẹni tí yóò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló dá àríyànjiyàn gidi sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń bójú tó ìkọ̀wé yìí láti bíi 2017, kò sì jẹ́ ìjà òpè. Àwọn tó mọ iṣẹ́ wà lápá méjèèjì.

Ọdún 1999 ni ìkọ̀wé Mòǹgólíà wọ Unicode, nínú ẹ̀dà 3.0, lábẹ́ àwọn nọ́ńbà U+1800 sí U+18AF. Ìró ni wọ́n fi pín in: bí lẹ́tà méjì bá ní ìró ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n gba nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ojú ò tiẹ̀ lè dá wọn mọ̀. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára. Tó o bá mọ ìró, o lè fi kọ̀ǹpútà yí ọ̀rọ̀ sí Sírílíìkì, ìyẹn irú lẹ́tà tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń lò, o lè jẹ́ kí ẹ̀rọ kà á síta, o lè to ìwé atúmọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé ojú ni èèyàn fi ń tẹ̀wé. Wo ᠮᠣᠩᠭᠣᠯ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú ìkọ̀wé yìí, o àti u kò ní ìyàtọ̀ kankan lójú, bẹ́ẹ̀ U+1823 ni ọ̀kan, U+1824 ni èkejì. Fáwẹ́lì méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kan lè tẹ o àti o, ẹlòmíràn o àti u, ẹlòmíràn u àti o, ẹlòmíràn u àti u. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn, ojú kan náà. Orúkọ orílẹ̀-èdè ni o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n! Fi t àti d tó jọ ara wọn níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kún un, fi k àti g abo tí mo ti sọ kún un, wàá rí i pé ẹni tó bá ń wá ger lórí ìtàkùn kò ní rí ti ẹni tó fi bọ́tìnnì k kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ojú àwọn méjèèjì kò rí àṣìṣe kankan.

Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé kí á fi ìrísí pín in ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Wọ́n ní ìró tí kò sí ẹni tó lè fọkàn tán kò wúlò. Wọ́n ní kí ohun tí ojú rí jẹ́ ohun tó wà nínú fáìlì. Àti pé wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń lò ó: ní Hohhot, olú-ìlú Mòǹgólíà Inú tó wà lábẹ́ Ṣáínà, ilé-iṣẹ́ Menksoft ti ṣe ètò tirẹ̀ tó ń lo nọ́ńbà àdáni fún ìrísí kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ojú-ìwé lágbègbè náà ló sì gbára lé e. Ó ń ṣiṣẹ́ lójú. Ṣùgbọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò níbẹ̀, lẹ̀ ẹ́ mọ́ fóònù tí kò ní fọ́ǹtì wọn, àpótí òfìfo ni wàá rí.

Èmi ò sí lẹ́yìn wọn, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀ gbangba. Unicode kì í yọ lẹ́tà tó bá ti wọlé kúrò. Òfin tí wọn kì í tẹ̀ lójú ni. Bí wọ́n bá fún ìrísí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tuntun lónìí, U+182D ṣì wà níbẹ̀ títí láé. A ó wá ní g tàtijọ́ àti ogunlọ́gọ̀ g tuntun. Ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ yóò ní ọ̀nà púpọ̀ sí i tó lè gbà pàdánù rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ti tẹ̀ láti 1999 yóò di ọmọ òrukàn. A kì í tìtorí pé ilé ń jò ká wá kọ́ òmíràn sórí rẹ̀ nígbà táwọn èèyàn ṣì ń sùn nínú rẹ̀.

Ohun tó yẹ ni kí òfin ìrísí wà ní àkọsílẹ̀, kó jẹ́ ọ̀kan, kó sì di dandan. Iṣẹ́ yẹn ti ń lọ. Ìwé kan wà tí Unicode gbé jáde, UTN 57 ni wọ́n ń pè é, tó to ìgbésẹ̀ tí fọ́ǹtì yóò gbé lẹ́sẹẹsẹ, títí kan bí g ṣe máa wá fáwẹ́lì olórí nínú jarlig. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fọ́ǹtì lónìí tí kò kà á, ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ da ìyọnu sílẹ̀ ni.

* * *

Ọ̀rẹ́ wa kan ní kí ló dé tí wọn ò kúkú gbájú mọ́ Sírílíìkì, ṣebí òun ni wọ́n ń lò ní Ulaanbaatar, olú-ìlú Mòǹgólíà.

Òun ni wọ́n ń lò lóòótọ́, láti 1946, lẹ́yìn ìpinnu tí ìjọba ṣe ní 1941 lábẹ́ òjìji Soviet. Ṣùgbọ́n ìkọ̀wé tí à ń sọ yìí ti wà láti nǹkan bí 1204, nígbà tí Genghis Khan ṣẹ́gun àwọn Naiman, tó sì mú akọ̀wé wọn, Tata-tonga, ọmọ Uyghur, tó ní kó wá fi lẹ́tà Uyghur kọ èdè Mòǹgólíà. Ìwé òfin, ìwé ẹ̀sìn Búdà, ìtàn ìdílé, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ní Mòǹgólíà Inú, wọn kò fi í sílẹ̀ rí. Ní Mòǹgólíà fúnra rẹ̀, òfin èdè tí wọ́n ṣe ní 2015 sọ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025, kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba máa fi ìkọ̀wé méjèèjì kọ ìwé wọn.

Ẹ rò ó wò. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó dàgbà sínú Sírílíìkì, tó wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó fẹ́ tẹ ìwé àṣẹ. Àṣẹ yẹn gan-an ni jarlig. Bí ìrù g rẹ̀ bá jáde ní abo, orí ìwé ìjọba ni àṣìṣe náà wà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára, kì í ṣe eré àwọn oní-kọ̀ǹpútà.

Mo tún fẹ́ fi èyí kún un, nítorí pé àwọn èèyàn máa ń rò pé kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ rí ìṣòro yìí. Ní 1648, àlùfáà Búdà kan láti ilẹ̀ Oirat, Zaya Pandita, wò ó pé lẹ́tà kan kò gbọ́dọ̀ dúró fún ìró púpọ̀, ó sì tún ìkọ̀wé náà ṣe fún àwọn èèyàn rẹ̀. Todo, èyí tó yéni, ni wọ́n ń pè é. O àti u ní ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀. Àwọn Manchu náà yá ìkọ̀wé yìí ní 1599, nígbà tó sì di 1632, ọ̀mọ̀wé wọn kan, Dahai, fi dọ́ọ̀tì àti òrùka sí i kí ojú lè dá àwọn ìró mọ̀. Nínú Unicode, g ti Todo ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+184E. Ti ìkọ̀wé àwọn Sibe, tí àwọn Manchu ń bá wọn lò, jẹ́ U+1864. Nítorí náà, ẹni tó bá ń da ìwé Todo kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kó má lọ lo U+182D o. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

* * *

"Ṣé kì í ṣe ohun tó ń ṣe àwa náà nìyí pẹ̀lú ẹ́ àti ọ̀?"

Ó jọ ọ́ níbì kan, kò jọ ọ́ níbòmíràn, mi ò sì fẹ́ kí á lù wọ́n pọ̀.

Tiwa, ẹ tó ní àmì lábẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, àmọ́ ẹ́ tó ní àmì lábẹ́ tó tún ní àmì ohùn lókè kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti tò ó pọ̀. Èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ látorí ẹ kó fi àmì òkè sí i, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ látorí é kó fi dọ́ọ̀tì sábẹ́. Unicode mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ó ní ìlànà tí ètò kọ̀ǹpútà fi lè sọ wọ́n di ọ̀kan kó tó wá ọ̀rọ̀. Tí áàpù kan ò bá rí wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan, ẹni tó ṣe áàpù ló ya ọ̀lẹ.

G ti Mòǹgólíà kò ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Kò sí ibì kankan tí Unicode ti sọ pé ger tí a fi g kọ àti ger tí a fi k kọ jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí pé lójú Unicode, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìró méjì ni.

Ibi tó jọ tiwa gan-an ni ẹni tó fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán sábẹ́ e dípò dọ́ọ̀tì, U+0329 dípò U+0323. Lójú wa, kò sí ìyàtọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ni. Àwọn ará wa ní Benin tó ń lo ɛ àti ɔ náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́nu, ẹni tó bá fi ẹ wá a kò ní rí i. Ẹni tó bá ti wá ìwé Yorùbá lórí ìtàkùn tí kò rí i, tó sì mọ̀ dájú pé ó wà níbẹ̀, mọ bó ṣe ń rí lára ọmọ Mòǹgólíà.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nídìí iṣẹ́, nítorí pé ìwé tí a fẹ́ tẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá kiri, kì í ṣe ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì nìkan.

Fọ́ǹtì àti kíbọ́ọ̀dù ni iṣẹ́ mi. Àwọn ọmọ Mòǹgólíà kan tó wà lókè òkun fẹ́ ṣe pátákó ńlá fún ọdún Naadam wọn, wọ́n ní kí n bá àwọn to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo tò ó, àgbàlagbà àárín wọn kà á, ó ní ó dáa. Ìgbà tí ìwé padà dé láti ilé ìtẹ̀wé, ᠭᠠᠵᠠᠷ, gajar, ìyẹn ilẹ̀, ti pàdánù dọ́ọ̀tì méjèèjì tó wà níwájú rẹ̀. Ó ti di q, ìyẹn k inú ọ̀rọ̀ akọ. Àwọn lẹ́tà ibòmíràn ti já kúrò lára ara wọn, wọ́n tò ségesège bí ẹní tú. Ilé ìtẹ̀wé náà kò ní fọ́ǹtì tí mo lò, ètò wọn sì fi òmíràn dípò rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo pè wọ́n, ẹni tó gbé fóònù sọ pé òun ò rí ìyàtọ̀ kankan.

Bàbá àgbà yẹn rí i. Ó gbé ìka lé e lójú ẹsẹ̀. Ó tún sọ ohun kan tí mi ò gbàgbé: pé nínú ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́, wọn kì í sábà fi dọ́ọ̀tì náà sí i, ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni òǹkàwé fi ń mọ̀ ọ́n, nítorí náà òun lè kà á. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n ń ṣe pátákó náà fún kò lè kà á bẹ́ẹ̀. Ìlànà òde òní ni wọ́n kọ́ wọn. Lójú wọn, àṣìṣe ni.

Láti ìgbà náà, ohunkóhun tó bá ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé, mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ náà di àwòrán ìlà kó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Kò ní ṣeé ṣàtúnṣe mọ́ níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa yọ dọ́ọ̀tì rẹ̀.

* * *

Ó yá, ká padà sórí ojú-ìwé tìrẹ, àbúrò.

Má fi í sílẹ̀ fún fọ́ǹtì tó bá wà lórí ẹ̀rọ òǹkàwé. Mongolian Baiti wà lórí Windows láti ìgbà Vista, Noto Sans Mongolian ti Google náà wà, wọn kò sì gba òfin wọn láti ibì kan náà. Yan ọ̀kan, gbé e sórí ojú-ìwé rẹ, kó máa bá a rìn. Nínú kóòdù ojú-ìwé, kọ lang="mn-Mong" sí ara ọ̀rọ̀ náà, kó o sì lo writing-mode: vertical-lr, nítorí pé òpó ọ̀rọ̀ wọn ń ti apá òsì lọ sí ọ̀tún. Ti Ṣáínà àti Japan ń ti ọ̀tún bọ̀ sí òsì, àwọn kan sì máa ń da ti wọn kọ, gbogbo ìpínrọ̀ á wá kà sẹ́yìn.

Tí fọ́ǹtì bá ṣi g yà nínú ọ̀rọ̀ kan, bóyá orúkọ àjèjì tí akọ àti abo ti dà pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn àmì tí kò hàn sójú wà tó o lè fi pàṣẹ fún un: U+180B, U+180C àti U+180D. Èkẹrin, U+180F, wọlé ní 2021 pẹ̀lú Unicode 14.0, nítorí pé mẹ́ta kò tó. Lẹ́yìn lẹ́tà tó o fẹ́ yí ni wàá tẹ̀ ẹ́ sí. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má máa wọ́n ọn sínú gbogbo ọ̀rọ̀ bí iyọ̀. Mo ti ṣí fáìlì tí wọ́n ti fi í sẹ́yìn gbogbo g, títí kan àwọn tí òfin ti ń yà dáadáa fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ fọ́ǹtì, àṣẹ yẹn ló wá ń da ohun tó dára rú.

U+180E wà pẹ̀lú, òun ló ń ya a ìparí sọ́tọ̀ díẹ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀. Ó kan g náà. Nínú ᠵᠢᠷᠭᠤᠭ᠎ᠠ, ẹ̀fà, g méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ní dọ́ọ̀tì nítorí u tó tẹ̀ lé e. Èkejì dúró bí ẹni tó parí ọ̀rọ̀, ó sì tún ní dọ́ọ̀tì, nítorí a tó wà lẹ́yìn àlàfo. Títí di 2013 ni Unicode ṣì ń ka U+180E sí àlàfo lásán, àwọn ètò àtijọ́ kan ṣì ń gé ọ̀rọ̀ sí méjì níbẹ̀. U+202F tí wọ́n ti ń fi ṣáájú àfòmọ́ ìparí ọ̀rọ̀ ní ìyọnu kan náà: áàpù rí i bí àlàfo, ó mú un láti inú fọ́ǹtì mìíràn, lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì gbàgbé pé òun wà nínú ọ̀rọ̀. Bí g kan bá ń ṣe ségesège nítòsí àfòmọ́, ibẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Tó o bá fẹ́ kí èèyàn lè wá ọ̀rọ̀ lójú-ìwé rẹ, má gbára lé pé gbogbo èèyàn tẹ bọ́tìnnì kan náà. Kí o tó fi ohun tí òǹkàwé tẹ̀ wé ohun tó wà nílẹ̀, sọ o àti u di ọ̀kan, ö àti ü di ọ̀kan, t àti d di ọ̀kan, k àti g di ọ̀kan, kó o sì yọ gbogbo àmì tí kò hàn sójú kúrò. Inú àtòkọ ìwárí nìkan ni wàá ti ṣe é o, má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tí òǹkàwé ń rí. Àwọn kan ní èyí yóò mú èsì tí wọn kò béèrè wá, nítorí pé gar àti qar á di ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí ẹni tó ń wá ilé má rí ilé lọ.

Kí o tó gbé e síta, tẹ bichig àti jarlig sórí ìlà kan náà, kó o wo ìrù wọn. Tẹ bagshi, kó o rí i pé kò sí dọ́ọ̀tì nínú rẹ̀. Tẹ gar, kó o rí i pé ó wà. Ṣe é nínú Chrome, ṣe é lórí fóònù Android kan àti lórí iPhone kan. Tí ìrù bichig àti ti jarlig bá rí bákan náà, fọ́ǹtì yẹn kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo, wá òmíràn. Tí ó bá yege, tó o bá sì ṣì rí g tó ṣe ségesège, da ọ̀rọ̀ náà síbí pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́tà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àwòrán rẹ̀ nìkan, nítorí pé lára àwòrán, mi ò lè mọ̀ bóyá g lo tẹ̀ àbí k.